Ọmọ Tó Di Ọ̀pá Àsíá Mú

Èmi ni mo sọ fún ọmọ náà pé kò gbọdọ̀ mira. Mo fẹ́ kí èyí ṣáájú ohun yòówù tí mo bá máa sọ, torí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délé dóko, oríṣiríṣi ni àwọn èèyàn ń wí. Àwọn kan ní ara rẹ̀ ni kò yá. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ tó ti máa ń tọ̀ sára láti ilé. Irọ́ ni. Ara rẹ̀ yá, kì í tọ̀ sára. Èmi ni mo ní kó dúró bí òpó títí n ó fi ní kó máa lọ.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe tíṣà ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Toronto. Nígbà tí mo dé, ìwé ẹ̀rí mi kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn níbí, mo bá lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń pààrọ̀ ìlédìí wọn. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo tún di tíṣà. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lo gbọ̀ngàn kan ní Woodbridge, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ onítírélà, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní Yorùbá. Kò sí ohun tí mò ń wá níbẹ̀ ju kí ogún ọmọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí mo bá wọlé lọ.

Wọn kì í dìde. Ibí ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn sí. Bí mo bá fi Yorùbá bi wọ́n ní ìbéèrè, òyìnbó ni wọ́n fi ń dáhùn, ojú wọn á sì wà lórí fóònù.

Oṣù kẹjọ ni ọmọ náà dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Òṣogbo ló ti dàgbà. Bàbá rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí Amẹ́ríkà, ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá lọ́nà kó tó wálé. Ìyàwó bàbá rẹ̀, tí òun ń pè ní Àǹtí, ló máa ń fi mọ́tò gbé e wá láti Whitby pẹ̀lú ìkókó kan. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọmọ yìí, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí táìsì ilẹ̀ tó tutù, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, ma.” Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Inú èmi dùn. Mo ní, mo rí ọmọ tí mo lè kọ́.

Inú dídùn náà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù kẹsàn-án, mò ń kọ́ wọn ní orin orílẹ̀-èdè wa nítorí ọjọ́ òmìnira tó ń bọ̀. Èyí tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá kọ láràárọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mò ń kọ́ wọn. Ọmọ náà nawọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ma, a kì í kọ ìyẹn mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Ti ayé àtijọ́ ni wọ́n dá padà.”

Òótọ́ ló sọ. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí, mi ò kàn jókòó kọ́ ọ ni. Ó yẹ kí n ní kó wá síwájú, kó kọ́ gbogbo wa. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ta ló bi ọ́?”

“Ẹ má bínú, ma.”

Ọmọ alàgbà kan wà lẹ́yìn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ẹnu rẹ̀ dùn ní òyìnbó bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, “So Miss doesn’t even know it?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo wo ọmọ Òṣogbo yẹn níbi tó jókòó sí, tó tẹrí ba, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú bí ẹni tó ń kó igi ìdáná jọ de òjò.

Láti ọjọ́ náà, tó bá nawọ́, mi ò ní rí i. Tó bá dáhùn ìbéèrè, n ó ní kí ẹlòmíì tún un sọ, n ó sì yin ẹni yẹn. Àwọn ọmọ tó kù rí i, wọ́n sì mọ ohun tó túmọ̀ sí kíákíá, nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ yé ọmọdé. Wọ́n á yí i ká nígbà ìsinmi, wọ́n á ní kó sọ “fish” fún àwọn. Ó máa ń sọ “fis”, bí àwọn ará ilé wa ṣe ń sọ ọ́, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ lu ògiri fún ẹ̀rín. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá ní kó tún un sọ, ó ń tún un sọ, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mò ń to ìwé. Èmi gan-an tí mò ń wí yìí, “fis” ni mò ń sọ títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, tí ọ̀gá kan fi na mí lẹ́gba lọ́wọ́ nítorí rẹ̀.

Pásítọ̀ wa wá ní kánsílọ̀ àdúgbò náà máa wá bá wa ṣe ọjọ́ òmìnira. Ó ní kí àwọn ọmọ ṣàlàyé àsíá Nàìjíríà fún un. Mo kọ ọ̀rọ̀ kúkurú kan sílẹ̀: ilà mẹ́ta ni àsíá wa ní, àwọ̀ ewé méjì àti funfun kan láàárín, àwọ̀ ewé dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀, funfun dúró fún àlàáfíà. Ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ fún, nítorí pé kò sí ẹlòmíì tó lè kọ́ ọ sórí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dúró níwájú mi, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀ láìwo ìwé. Bó ṣe parí ni mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún ọmọ alàgbà.

Ó ní, “Kí ni mo ṣe, ma?”

“Ẹnu ẹ wúwo jù. Àlejò òyìnbó là ń retí, kò ní gbọ́ ohun tó ò ń sọ.”

Ó ronú sí i díẹ̀. “Ṣùgbọ́n Yorùbá ni, ma.”

Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Mo ní, “Ìwọ lo máa di àsíá mú. Iṣẹ́ ńlá ni. Ní ilé, ẹni tó bá di àsíá mú kì í mira, eṣinṣin ì báà bà lé e lójú. Tó o bá mira, orílẹ̀-èdè ẹ lo tàbùkù. Ṣó o gbọ́?”

“Mo gbọ́, ma.”

Ká ní ọ̀kan nínú àwọn tó kù ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún, yóò bi mí pé kí ló dé. Òun gbà á gbọ́. Ọmọ tí wọ́n fi ìbẹ̀rù àgbà tọ́ ni, ohun tí mo sì gùn lé nìyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, gbọ̀ngàn tutù, nítorí wọn kò tíì tan ẹ̀rọ amúlémóoru. Mo wọ aṣọ funfun àti ìbọ̀sẹ̀ funfun fún un, mo so ríbọ́nù aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lórí. Igi mọ́ọ̀pù ni mo fi ṣe ọ̀pá àsíá. Mo gbé e gun orí àpótí kan níwájú, mo to àwọn ọmọ tó kù sẹ́yìn rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀, torí pé pásítọ̀ ń sọ pé kánsílọ̀ ti dé ìkóríta. Ó tó wákàtí kan kó tó dé. Àwọn ọmọ tó kù jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ṣeré. Òun nìkan ló dúró.

Mò ń kọjá lọ, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí. “Ẹ jọ̀ọ́, ma. Mo fẹ́ tọ̀.”

Tọ́lẹ́ẹ̀tì kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tó wà. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ ń juwọ́ sí mi pé mọ́tò àlejò ti wọlé.

“Mú un mọ́ra,” mo ní. “Kò ní pẹ́.”

Ká ní ọmọ alàgbà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ǹ bá fà á lọ́wọ́, ǹ bá sì ní kí kánsílọ̀ dúró de wa. Mo mọ èyí ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Kì í ṣe ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ lẹ́yìn.

A gbàdúrà. A kọrin. Pásítọ̀ kí àlejò, àlejò kí pásítọ̀. Kánsílọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn àlejò tó kọ́ ìlú yìí, ó sọ̀rọ̀ nípa ọbẹ̀ ata tí wọ́n fún un jẹ nígbà kan, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ alàgbà jáde tòun ti ìwé lọ́wọ́. Ó ń ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta. Nígbà tó dé ibi àwọ̀ ewé, kò ka àmì orí àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ní àwọ̀ ewé dúró fún iṣẹ́ agbe. Àwọn àgbà tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá rẹ̀ dìde, ó ń yà á ní fọ́tò.

Ìgbà náà ni mo wo ọmọ tó di àsíá mú. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń ka ọ̀rọ̀ náà sí ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri ẹ̀yìn. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti yí padà sí àwọ̀ mìíràn. Ìtọ̀ náà ṣàn lọ sínú bàtà rẹ̀, ó kún, ó dà sórí àpótí, ó wá ń rìn lórí táìsì lọ síbi tí kánsílọ̀ jókòó sí. Ọmọ náà kò gbé ẹsẹ̀. Àsíá ọwọ́ rẹ̀ kò mì.

Ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo pé, “Ew.” Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n gbé fóònù sókè. Kánsílọ̀ rọra fa bàtà rẹ̀ sẹ́yìn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni arúgbó máa ń tọ̀ sára lójú mi níbi iṣẹ́. A mọ ohun tí à ń ṣe. Èèyàn kò ní yí ohùn rẹ̀ padà, á fi aṣọ bò wọ́n nítan, á máa sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, á sì mú wọn jáde bí ẹni pé atẹ́gùn ni wọ́n fẹ́ lọ gbà. Mo ní ìborùn lọ́rùn lọ́jọ́ náà. Dípò kí n yọ ọ́, mo gba máìkì lọ́wọ́ ọmọ alàgbà, mo fi òyìnbó sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n má bínú, ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ni, a ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n láyè láti rẹ́rìn-ín, mo sì gbà wọ́n láyè. Kánsílọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ṣì wà lórí àpótí. Ó wá yíjú sí mi. Máìkì wà lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ nígbà tó ní, “Ma, ṣé kí n máa lọ?”

“Máa lọ.”

Kò ju àsíá sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí àpótí tó tutù yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà, kó má bàa kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rìn gba àárín àwọn àga kọjá. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé e. Ìyàwó bàbá rẹ̀ jókòó títí a fi parí, tí a jẹun tán, kó tó lọ wá a ní tọ́lẹ́ẹ̀tì. Láti ojú fèrèsé, mo rí i tó tẹ́ ọ̀rá dúdú sórí ìjókòó mọ́tò kó tó jẹ́ kó wọlé.

Fídíò náà kò gba ọjọ́ méjì kó tó dé orí fóònù gbogbo ọmọ ìjọ.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, mò ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ pè mí láti ojú ọ̀nà. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀. Mo ti mọ ohun tí n ó sọ nípa pásítọ̀, nípa kánsílọ̀ tó pẹ́.

“Tíṣà, ẹ káàsán, ma,” ó ní. “Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ìyàwó mi ti rò ó fún mi. Ọmọ yẹn dójú tì yín níwájú àlejò.”

Mo fi oúnjẹ sẹ́nu.

“Mi ò mọ ohun tó ṣe é, ma. Ó ti dàgbà kọjá ìyẹn. Mo bi í, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ní òun ò lè mira. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí pásítọ̀ rò pé a ò tọ́ ọ dáadáa.”

Ẹnu ọ̀nà nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò láti jẹ́wọ́. Oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì, mo ní, “Kò burú, sà. Ọmọdé ni. Ẹ ṣáà máa fà á létí.”

“Ẹ ṣeun, ma. Ọlọ́run á bù kún yín.”

Wọn kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n ní wọ́n ti rí èyí tó sún mọ́ wọn ní Whitby. Mi ò béèrè wọn. Wọ́n lẹ fọ́tò ọjọ́ òmìnira mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti gé ọmọ náà kúrò, ó ku ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lára igi mọ́ọ̀pù.

Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ ní kí n tún múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ọjọ́ ìbí Kánádà. Mo bi wọ́n ní kíláàsì pé ta ló fẹ́ di àsíá mú. Ẹnikẹ́ni kò nawọ́. Ọmọ alàgbà wá fi òyìnbó béèrè pé ṣé mo máa gbà kí ẹni náà lọ tọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan ṣubú lórí àga. Mo wò wọ́n, mo sì rí i pé kò sí ìgbà kankan tí wọn kò mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ ẹni tó ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo parọ́ pé ara mi kò yá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Whitby, mo tún wọ bọ́ọ̀sì, mo fi àdírẹ́sì inú ìwé orúkọ kíláàsì rin ẹsẹ̀ díẹ̀ láàárín àwọn ilé tuntun tí gbogbo wọn jọra. Mo mú bisikíìtì dání. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti ga. Kò kúnlẹ̀.

“My mom’s not home,” ó ní. Kò sí Òṣogbo kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Mo ní, “Ìwọ ni mo wá rí. Ṣó o rántí mi?”

Ó di ilẹ̀kùn mú.

“Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Ohun tí mo ṣe sí ọ kò dáa. Bàbá ẹ pè mí, mi ò sọ òótọ́ fún wọn. Ó yẹ kí n ti sọ pé èmi ni.”

“Sorry, I don’t understand.”

Ó gbọ́ mi yé. Mo ti ṣe tíṣà pẹ́ tó, mo mọ ojú ọmọ tí nǹkan kò yé. Mo fi òyìnbó tún un sọ, gbogbo rẹ̀. Ó tẹ́tí sí mi dé ìparí, ó mú sùúrù bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà tó ń kanlẹ̀kùn kiri.

“It’s okay,” ó ní, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò gbá a. Ó tì í jẹ́jẹ́.

Mo gbé bisikíìtì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ibùdókọ̀, mo pe bàbá rẹ̀. Ó gbé e, mò ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì tírélà lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ orin, ìwé tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe sọ fún mi pé òun fẹ́ tọ̀ àti ohun tí mo fi dá a lóhùn.

“Ó sọ fún mi,” ó ní. “Ó ní òun ò lè mira. Mo rò pé ó ń yájú ni.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Mo ní kó kúnlẹ̀, kó nawọ́ sókè. Mo jókòó tì í. Ó tó wákàtí kan. Kò mira, ma. Kì í sọ Yorùbá nínú ilé mọ́. Ìyá mi á pè láti Òṣogbo, á ní kí n gbé e fún òun. Tí mo bá gbé fóònù sí i létí, kò ní sọ nǹkan kan. Ìyá mi á máa kì í, á máa kì í, wọ́n á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà.”

Ó ní, “Mo ti dé bọ́dà, ma. Wọ́n ń pè mí,” ó sì gé e.